Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Yóò Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Gbígbin Igbó Sílé ní Orúkọ Oògùn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá àìsàn tí ó sì dá ìwòsàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, ẹni tí ó kọ́ àwọn ìjọ rẹ̀ pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Orí ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni àwọn kan dúró sí lónìí tí wọ́n ń fà á lọ síbi tí Ànábì kò fà á dé.

Ní ìlú méjèèje Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà àti Èrúwà dé Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ ní gáréèjì àti níbi ìsọmọlórúkọ. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ti sọ igbó di oògùn. Wọ́n ní ní Kánádà, ní Jámánì àti ní South Africa, ènìyàn lè gbìn ín sí ilé rẹ̀ láìsí pé ọlọ́pàá kanlẹ̀kùn. Wọ́n wá ń bèèrè pé kí ni ó dé tí Nàìjíríà kò lè jẹ́ kí olúkúlùkù gbin igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìnkùlé, kí aláìsàn rí oògùn, kí àgbẹ̀ sì rí owó. Àwọn aláwàdà inú wọn tilẹ̀ ń sọ pé orúkọ Igbó-Ọrà ti fún àwọn láṣẹ. Ṣùgbọ́n igbó tí ó wà nínú orúkọ ìlú ni igbó tí àwọn baba ńlá ṣán, tí wọ́n sọ di oko àti ilé. Kì í ṣe ewé tí ń sọ oko àti ilé di igbó.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí di sísọ ní gbangba, pẹ̀lú ẹ̀rí, láìsí èébú.

OHUN TÍ Ó JẸ́ ÒÓTỌ́ NÍNÚ RẸ̀

Ọlọ́hun pàṣẹ fún onígbàgbọ́ òdodo láti jẹ́rìí òtítọ́, ìbáà ṣe lòdì sí ara rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó bá jẹ́ òótọ́ lẹ́nu àwọn tí ń sọ̀rọ̀ yìí, kí á kọ́kọ́ fún wọn.

Òótọ́ ni pé oògùn wà nínú ewé náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, àjọ tí ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí Epidiolex, oògùn olómi tí wọ́n fa èròjà rẹ̀ jáde láti ara igbó, fún oríṣi wárápá líle méjì tí ń bá àwọn ọmọdé jà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìjọba Bìrìtìkó gba àwọn dókítà àgbà láàyè láti kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Disẹ́ńbà 2020, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró dìbò, wọ́n sì yọ igbó kúrò nínú ìpele àwọn oògùn tí wọ́n kà sí eléwu jù lọ. Ìbò 27 fara mọ́ ọn, 25 lòdì sí i. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó lòdì.

Alífáà tí ó bá gun mínbárì lónìí tí ó ní kò sí àǹfààní kankan nínú ewé yìí, ó ń fi orúkọ ẹ̀sìn gbé ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀rí. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ti ka ìwé ìròyìn yóò já a nírọ́, láti ọjọ́ náà lọ kò sì ní gba òótọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé wo ohun tí wọ́n fi ọwọ́ sí dáadáa. Kì í ṣe ewé. Kì í ṣe èéfín. Cannabidiol ni wọ́n fọ̀ mọ́ kúrò lára ìyókù, èròjà tí kì í pa ènìyàn bí ọtí. Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Dókítà a bẹ̀rẹ̀ láti orí mílígíráàmù 5 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, a máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá 20. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò láti mọ̀ bóyá oògùn náà ń pa ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lára. Ta ni ní Tápà tàbí ní Ayétẹ̀ tí ó ní òṣùwọ̀n tí yóò fi mọ iye mílígíráàmù tí ó wà nínú ìkòkò àgbo? Igi igbó méjì tí ó hù lórí ebè kan náà lè má dọ́gba. Ọ̀kan lè ní cannabidiol, kí èkejì kún fún THC, èròjà tí ń yí ọpọlọ. Èyí tí wọ́n sì ń gbìn káàkiri fún mímu, nítorí pé ó ń pani ni wọ́n ṣe yàn án.

ÌTỌ̀ MÀLÚÙ ÀTI PÁKÍ

Ilẹ̀ Yorùbá ti rí irú èyí rí. Nígbà tí gìrì bá mú ọmọ, àwọn òbí a máa fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù, tí wọ́n pò mọ́ ewé tábà àti àlùbọ́sà. Àwọn dókítà yunifásítì ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àgbo náà ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ dé ibi tí ọpọlọ fi ń bàjẹ́. Ọmọ tí gìrì ìbà lásán ìbá fi sílẹ̀ ní wákàtí kan di aláìlèsọ̀rọ̀ títí ayé. Òmíràn kò jí mọ́. Àwọn òbí wọ̀nyẹn kì í ṣe ìkà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ro májèlé fún ọmọ wọn. Ohun tí ó ṣẹ̀ wọ́n ni pé wọn kò mọ ìwọ̀n, kò sì sí ẹni tí ó wà láàrin ìkòkò àti ẹnu ọmọ.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ìyá Ìbàràpá kì í ṣe òpè, pé wọ́n mọ bí wọ́n ti ń fi májèlé ṣe oúnjẹ. Òtítọ́ ni. Obìnrin tí ń ṣe láfún mọ̀ pé pákí ní oró. Ó ń bó o, ó ń rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń sá a sóòrùn kí ó tó lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn ní àmì tí ọwọ́ àti imú lè mọ̀: pákí a rọ̀, a kan, ọwọ́ a lè fọ́ ọ. Láti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ ni wọ́n ti dán an wò. Ewé igbó kò ní àmì bẹ́ẹ̀. Kò sí ojú tí ó lè wò ó, kò sí ahọ́n tí ó lè tọ́ ọ wò, kí ó sọ pé èyí tó fún ọmọ ọdún mẹ́ta, èyí sì pọ̀ jù. Ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ ọ́.

ÌDÁJỌ́ ÀWỌN ONÍMÍMỌ̀

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lórí ohun tí ń pani kò fara sin. Àlùkùránì ka ọtí pọ̀ mọ́ tẹ́tẹ́ nínú Sūratul-Mā'idah, āyah 90, ó sì pe gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀gbin tí ó wá láti ọwọ́ èṣù. Hádíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sì sọ gbogbo ohun tí ń pani di ọ̀kan náà pẹ̀lú ọtí, bí orúkọ rẹ̀ ìbáà ṣe yàtọ̀.

Àwọn onímímọ̀ àtijọ́ mọ ewé yìí gan-an. Ibn Taymiyyah, tí ó kú ní 1328, le lórí ọ̀rọ̀ náà jù: ó ní ìjìyà ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni ìjìyà ẹni tí ó mu ọtí. Az-Zarkashī, tí ó kú ní 1392, kọ odidi ìwé lórí jíjẹ́ èèwọ̀ rẹ̀. Al-Qarāfī, ọ̀jọ̀gbọ́n mazhab Mālik ní Íjíbítì, tí ó kú ní 1285, ló yà díẹ̀. Ó ní ewé náà ń ba làákàyè jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọtí gan-an. Adájọ́ ni yóò díwọ̀n ìbáwí ẹni tí ó lò ó, díẹ̀ tí kò dé ọpọlọ kò sì rí bí ẹ̀kán ọtí kan.

Al-Qarāfī yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé kéékèèké ń gbá mú báyìí, nítorí pé mazhab Mālik ni àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ń tẹ̀ lé. Wọ́n ní: ẹ ò rí i, díẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n ka ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì jẹ ìdajì mì. Gbogbo wọn, àtẹni tí ó le àtẹni tí ó rọ̀, ni ó fẹnu kò pé ìwọ̀n tí ó bá ti yí làákàyè padà, èèwọ̀ ni. Ìwọ̀n ni al-Qarāfī fi ya hàlálì kúrò lára harámù. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, báwo ni yóò ṣe sá sí abẹ́ fátíwà tí ó dúró lórí òṣùwọ̀n?

Wọ́n tún ń gbé ìlànà kan jáde, pé ìnira a máa ṣí àyè fún ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀. Òtítọ́ ni, àánú Ọlọ́hun sì ni. Ṣùgbọ́n ìlànà náà ní ìkejì tí kì í fi í sílẹ̀: bí ìnira bá ṣe tó, bẹ́ẹ̀ ni àyè rẹ̀ yóò mọ. Àwọn onímímọ̀ fi ìdí májẹ̀mú mẹ́rin múlẹ̀. Kí àìsàn náà dájú. Kí ó má sí oògùn hàlálì tí ó lè dípò rẹ̀. Kí oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́, tí ó sì ṣe é fọkàn tán, ni ó sọ ọ́. Kí aláìsàn má kọjá ìwọ̀n tí àìsàn rẹ̀ gbà. Kí òǹkàwé wá wo igi igbó mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìnkùlé. Nínú májẹ̀mú mẹ́rin yìí, èwo ni igi náà mú ṣẹ?

Mazhab Mālik kan náà ni ó sì tẹnu mọ́ dídí ọ̀nà ìbàjẹ́ ju ọ̀pọ̀ mazhab lọ. Ohun tí ó bá jẹ́ hàlálì ní ara rẹ̀, tí ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún ìbàjẹ́ ńlá lọ́pọ̀ ìgbà, wọn a ti ilẹ̀kùn náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Mālik jà kò gbọdọ̀ sá fún Mālik.

ILÉ TA NI WỌ́N Ń SỌ?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dé ojú rẹ̀. Àwọn tí ń sọ pé kí á ṣe bí ti òkè òkun kò ka ìlànà òkè òkun dé òpin.

Ní Kánádà, láti ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 2018, igi mẹ́rin ni òfin gbà fún ilé kan. Aláìsàn tí ó bá fẹ́ gbin fún oògùn gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Dókítà ni yóò kọ gíráàmù tí yóò lò lójúmọ́, láti ara gíráàmù yẹn ni wọn yóò sì ti ṣírò iye igi rẹ̀. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ Quebec ní òun kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbìn ín sílé fún ìgbádùn, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Kánádà sì dá Quebec láre ní 2023. Ní Jámánì, igi mẹ́ta ni wọ́n fún àgbàlagbà láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2024, pẹ̀lú àṣẹ pé kí ó pa á mọ́ kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé. Ní Uruguay, òfin 2013 gba igi mẹ́fà fún ilé kan, èso rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 480 lọ́dún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀.

Gbogbo ìlànà wọ̀nyí dúró lórí ohun kan tí wọn kò tilẹ̀ kọ sílẹ̀ nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i: ilé tí ó ní olúwa rẹ̀ kan, ilẹ̀kùn tí ó ní kọ́kọ́rọ́ kan, àdírẹ́sì tí ìjọba mọ̀, òṣìṣẹ́ tí ó lè wá yẹ ibẹ̀ wò láìgba rìbá, àti ilé àyẹ̀wò tí ó wà nítòsí.

Agboolé Ìbàràpá ń kọ́? Baba kan kú, ó fi ọmọkùnrin márùn-ún sílẹ̀, olúkúlùkù ní ìyàwó àti ọmọ. Ayálégbé wà ní yàrá iwájú. Àwọn ọmọ-ọmọ ń bọ̀ láti Ìbàdàn àti Èkó nígbà ìsinmi. Ẹ̀yìnkùlé kan ni gbogbo wọn ní, kànga kan, ilé ìdáná kan. Ògiri ẹ̀yìn ti wó láti ọdún mélòó kan, ewúrẹ́ ará àdúgbò ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí baba àgbà tí ó ní jẹjẹrẹ bá gba ìwé àṣẹ, tí ó gbin igi mẹ́ta, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ nígbà tí ìrora bá dá a dùbúlẹ̀? Nígbà tí ọmọ-ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá já ewé rẹ̀ lóru, tí ó tà á ní gáréèjì, orúkọ ta ni yóò wà nínú ìwé? Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA bá dé, nínú agbo ènìyàn ogójì, ta ni wọn yóò mú? Ní agboolé, ohun ẹnì kan ni ohun gbogbo ènìyàn. Iyì agboolé nìyẹn, òun ni ó ń jẹ́ kí ọmọ òrukàn rí oúnjẹ jẹ. Òun náà sì ni kò jẹ́ kí òfin kọ́kọ́rọ́ lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹnìkan lè bèèrè pé ṣé wọ́n ń sọ pé ilé Ìbàràpá kò lè pa ìlànà mọ́ ni? Rárá o. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà láti kọ́ ìtọ́jú ìlera ní àwùjọ. Nígbà tí sòbìà ń da àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní Ìdèrè, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni ó lé e lọ. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, àti omi tí ó mọ́, ni. Obìnrin sẹ́ omi nílé, ọmọdé rí i pé ó sẹ́ ẹ. Ní 2013, àjọ WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà. Ilé lè pa ìlànà tí ojú rí mọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kí á gbé iṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò àti iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ lé orí ìyá kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé tí kò ní ògiri.

Ayé mọ Igbó-Ọrà gẹ́gẹ́ bí ìlú ìbejì. Ọmọ ni ọrọ̀ rẹ̀. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí àjọ NBS àti UNODC gbé jáde ní 2019 lórí ìlò oògùn olóró sọ pé nǹkan bí 23 nínú 100 àwọn ará ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 64 ni ó lo oògùn olóró láàrin ọdún kan, nígbà tí ti gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 14.4. Igbó ni ó pọ̀ jù: ènìyàn mílíọ̀nù 10.6 ni ó lò ó. Láti 1964 ni Dókítà Tolani Asuni ti ilé ìwòsàn Arò, ní Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé lórí wàhálà tí igbó ń dá sílẹ̀ lọ́pọlọ àti láwùjọ Nàìjíríà. Ọ̀nà Igbó-Ọrà sí Abẹ́òkúta kò jìn. Ó sàn kí ọmọ gba ọ̀nà náà lọ ra ọjà ju kí wọ́n dè é lọ́wọ́ lọ sí Arò.

ẸNI TÍ YÓÒ ṢẸ̀WỌ̀N

Àwọn tí ń ti àwọn ọ̀dọ́ sí i kì í sọ ohun tí òfin sọ fún wọn. Òfin ológun 19 ti 1966 sọ pé ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21, ni ti ẹni tí ó bá gbin igbó. Ní 1975 ni wọ́n yọ ikú kúrò. Òfin 48 ti 1989, tí ó dá NDLEA sílẹ̀, tún fi ẹ̀wọ̀n gbére sí ìdí gbígbin oògùn olóró láìní àṣẹ. Títí di òní, kò sí òfin Nàìjíríà tí ó gba ẹnikẹ́ni láàyè láti gbin igi kan ṣoṣo sílé, ìbáà ṣe fún oògùn.

Àwọn ńlá ń sọ tiwọn. Ní oṣù karùn-ún 2019, Rotimi Akeredolu, tí ó jẹ́ gómìnà Oǹdó nígbà náà, lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ti ń fi igbó ṣe oògùn. Buba Marwa, tí ó di olórí NDLEA ní 2021, kọ̀ ọ́ jálẹ̀ pé kí wọ́n má ṣí ilẹ̀kùn náà. Irú àwọn ẹni ńlá bẹ́ẹ̀ lè jiyàn nínú gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Ọmọ àgbẹ̀ Lánlátẹ̀ tí ó gbọ́ ìròyìn ní ìdajì, tí ó lọ gbin igi mẹ́ta, òun nìkan ni yóò dúró níwájú adájọ́. Àwọn tí ó sọ fún un pé ayé ti ṣí kò ní bá a dé ibẹ̀.

ÀWỌN TÍ WỌ́N TI RÌN Ọ̀NÀ NÁÀ

Thailand tí gómìnà lọ wò ní ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà 2022, wọ́n yọ igbó kúrò lára oògùn olóró, ẹni tí ó bá fi orúkọ sílẹ̀ sì lè gbìn ín sílé. Oògùn ni wọ́n pè é. Kí òfin tí yóò ṣàkóso rẹ̀ tó jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù ti ń tà á lójú títì. Ní oṣù kẹfà 2025, ìjọba sáré padà, wọ́n ní kí ṣọ́ọ̀bù má tà á mọ́ láìsí ìwé oníṣègùn. Wọ́n kọ́kọ́ sí ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wá kọ́kọ́rọ́.

Mòrókò ni ó yẹ kí Mùsùlùmí fojú sí. Orílẹ̀-èdè Ìsìláàmù ni, mazhab Mālik ni wọ́n ń tẹ̀ lé, àwọn àgbẹ̀ òkè Rif sì ti ń gbin igbó láti ayébáyé, nínú òṣì àti nínú ìbẹ̀rù ọlọ́pàá. Ní 2021, wọ́n ṣe òfin 13-21 fún oògùn àti fún iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Agbègbè mẹ́ta péré ni wọ́n gbà á láàyè. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, kí ó wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ó sì tà á fún ẹni tí ìjọba fún láṣẹ, lábẹ́ àjọ kan tí ń ṣọ́ ọ. Mímu rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Kò sí igi kan lẹ́yìnkùlé. Ní oṣù kẹjọ 2024, ọba wọn dáríjì ènìyàn tí ó lé ní 4,800 tí wọ́n ti dá lẹ́bi tàbí tí wọ́n ń wá nítorí gbígbìn ín. Àánú àti ìlànà rìn pọ̀.

Ghana tí ó súnmọ́ ilé náà kò gba ti ẹ̀yìnkùlé. Òfin wọn ti 2020 gba kí ìjọba fi ìwé àṣẹ fún ẹni tí yóò gbin èyí tí THC rẹ̀ kò ju 0.3 nínú 100 lọ. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ wọn fagi lé e ní oṣù keje 2022 nítorí bí wọ́n ti ṣe é. Ilé aṣòfin padà tún un ṣe ní 2023.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ WỌ́N BÈÈRÈ

Bí àwọn ará Ìbàràpá bá fẹ́ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ìjọba, kí wọ́n bèèrè ohun tí yóò ṣe wọ́n láǹfààní.

Àkọ́kọ́, kí aláìsàn rí oògùn tí a ti dán wò. Kí NAFDAC àti àwọn dókítà àgbà UCH ní Ìbàdàn ṣètò bí ọmọ tí wárápá líle ń yọ lẹ́nu yóò ṣe rí cannabidiol tí ó mọ́, kí owó rẹ̀ má sì jẹ́ ti ọlọ́rọ̀ nìkan. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kí wọ́n rántí pé phenobarbital wà, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ó sì ń dá wárápá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ó yẹ kí ó wà ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Ìbàràpá. Ẹni tí kò tíì gbé ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì fún èyí tí ó jẹ́ hàlálì kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ìnira.

Ìkejì, kí àwọn alífáà àti àwọn ìdílé fòpin sí fífi àwọn oníwárápá pamọ́. Wárápá kì í ràn, itọ́ rẹ̀ kò ní oró. Àlùjọ̀nnú kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Alífáà tí ó gba owó hàǹtú oṣù mẹ́fà lórí ọmọ tí kò tíì rí dókítà kò ní ẹnu láti bá ẹni tí ó ń se igbó wí.

Ìkẹta, bí Nàìjíríà bá máa fi ìwé àṣẹ fún ẹni tí yóò gbìn ín lọ́jọ́ iwájú, oko tí ó ní ọgbà àti ẹ̀ṣọ́ ni kí ó wà, kì í ṣe ilé. Kí wọ́n má sì fún kìkì àwọn olówó Èkó àti Àbújá níwèé nígbà tí ọmọ àgbẹ̀ ń jìyà nínú ẹ̀wọ̀n nítorí ewé kan náà. Mòrókò ti fi hàn pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tálákà lè gba ìwé. Ìwà ìrẹ́jẹ ni kí ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ tálákà di òwò lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀.

Bí ọmọdé bá ń gé igi nínú igbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Igi tí wọ́n fẹ́ gbìn yìí, orí àwọn ọmọ agboolé ni yóò wó lé. Kí ẹni tí ó bá ní kí á gbìn ín sílé kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ó dárúkọ, kí ó má fi òwe bò ó: nínú agboolé rẹ̀, ta ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn sàn, kí Ó dáàbò bo làákàyè àwọn ọmọ, kí Ó sì fún àwọn aláṣẹ ní òye àti ìbẹ̀rù Rẹ̀. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù lọ. Āmīn.